Ìlú Àtijọ́ Létí Òkun

Nínú ọkọ̀ Ìbàdàn ní gáréèjì Ìkirè, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé ń ròyìn fún àǹtí rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"A wọ rélùwéè, a wọ bọ́ọ̀sì, a tún fẹsẹ̀ gun òkè, ká tó rí ìlú àtijọ́ náà létí òkun. Ògiri ibẹ̀ ti lanu, síbẹ̀ ó wuni wò."

"O káre, ọmọ mi. Ògiri ìyá rẹ ní Ìkirè-Ilé náà ti lanu. Ó ń retí rẹ látìgbà tó o ti dé. Bóyá òkun ni kò ní."

"Ọkọ̀ ibẹ̀ ló ṣòro, Àǹtí."

"Òótọ́ ni. Ti Ítálì ló rọrùn."

Mo rò ó pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa, agbèrò kan ń ké pé, "Ìkirè-Ilé, ó ku ẹnì kan."