Bàbá Mi Ti Mọ̀, Ìyá Mi Kò Mọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Bí fóònù mi bá ti dún báyìí, n kì í fẹ́ gbé e, torí mo mọ ohun tí ìyá mi fẹ́ béèrè.

Bayọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n mo mú ẹ̀kọ́ kan mọ́ ọn, bayo-ẹ́tíìsì, níbi tí àwa, àwọn ọmọ lọ́ọ̀ àtàwọn nọ́ọ̀sì ti jọ ń jiyàn lórí ohun tó tọ́ láti ṣe fún aláìsàn. Ta ló rán mi níṣẹ́! Olùkọ́ wa ní aláìsàn ló ni ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ kó fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún un. Èmi ni mo máa ń pariwo jù ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, nílé wa ní Òmù-Àrán, dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun bàbá mi, àmọ́ bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ìrètí wà. Bí a ṣe máa ń ṣe é nílé wa náà ni wọ́n ṣe é: àwọn àgbà gbọ́, ìyá mi sọ fún èmi náà, aláìsàn kò gbọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n pè é fún bàbá mi, wọ́n sì dá Jímọ̀ fún iṣẹ́ abẹ náà.

Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, èmi àti bàbá mi jọ ń pa ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n bi mí pé kí làwọn olùkọ́ ń kọ́ wa. Mo ṣàlàyé tìgbéraga-tìgbéraga. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá ń ṣe èmi?" Kí ni ǹ bá ṣe? Mo sọ ọ́! Wọn ò sunkún o. Wọ́n pa ẹ̀pà díẹ̀ sí i, wọ́n ní, "Má sọ fún yèyé rẹ pé mo ti mọ̀. Yèyé tèmi wọlé abẹ, wọn ò jáde mọ́. Kí Jímọ̀ tí wọ́n dá tó pé, n ó ti wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òkè-Onígbìn." Mo ṣèlérí. Kíláàsì yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í tú àṣírí aláìsàn.

Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi á sá fún abẹ, àìsàn á sì gbilẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, bàbá mi ò ní fọkàn tán mi mọ́, gbogbo ẹbí á sì mọ̀ pé èmi ni mo tú àṣírí àìsàn náà. Ẹ̀rù ń bà mí! Láàárọ̀ yìí ìyá mi pè: "Ọmọ mi, ṣé bàbá rẹ kò fura?" Mo ní, "Wọn ò fura, mà." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí, wọ́n tún ṣàdúrà fún mi.

Ọjọ́rú lónìí. Ọ̀la ni bàbá mi ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, kí ni kí n ṣe?