Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Silas Nítorí Ajá

Ẹ̀yin ará àdúgbò yìí ní Oǹdó, dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. N ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Akínsànyà, tí mo ń kọ́ ajá ní Àkúrẹ́, ni mo ba Silas lórúkọ jẹ́ lójú yín.

Ẹ rántí Màmá Adébùsóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ó mú ajá rẹ̀ wá bá mi pé kí n kọ́ ọ kó lè máa fọkàn sí òun láàárín èrò, torí inú ọjà ni òun ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Nínú ọgbà mi, tí mo bá pe ajá náà, ojú mi ló ń wò. Tí a bá dé ọjà, ewúrẹ́, ọ̀kadà àti òórùn ẹran á gba ọkàn rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ: kí n mú un dúró lókèèrè, kí n fún un lẹ́ran nígbà tó bá yíjú sí mi, kí a máa sún mọ́ ọjà díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn á gbà tó oṣù mẹ́ta. Wáyà ni mo mú. Tó bá ti wo ibòmíràn, mo nà án. Nígbà tó yá, kò wo ibòmíràn mọ́. Màmá ní, "Akínsànyà, ó mà ti ń gbọ́ràn." Ẹ̀rù ló ń ba ajá náà. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, nínú ọjà Oǹdó níbí, ọkùnrin kan gbé wáyà sókè láti fi so tapólì. Ajá náà ta kìjí, ó fa Màmá bọ́ sójú títì, ọ̀kadà sì gbá a. Egungun ìbàdí Màmá ṣẹ́. Láti ọsibítù ló ti pè mí: "Ṣé ẹnì kan ti na ajá yìí rí ni?" Mo ní, "Silas yín ni, Mà. Mo fojú mi rí i nígbà tí mo wá sílé yín."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Silas ti ń ṣọ́ ilé Màmá. Ó ní, "Mà, n ò na ajá yín rí." Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, Màmá sì lé e. Ẹ pè é ní ìkà bó ṣe ń gbé báàgì rẹ̀ jáde. Ọdún tó kọjá ni Màmá kú, ó sì gbà títí pé Silas ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá Silas ní Ìgbàrà-Òkè, mo jẹ́wọ́. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé Màmá mọ̀ kó tó kú?" Mo ní rárá. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ní, "Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lé mi. Èmi náà á wá gbọ́."

Òun ló dúró lẹ́bàá géètì yẹn. Tí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí i.