Èmi Ni Mo Ba Àwọ̀ Ewé Thoa Jẹ́

Ẹ má tíì bu oúnjẹ, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá ọkọ wa tí à ń ṣe ìrántí rẹ̀ lónìí kú láìmọ òótọ́ yìí. Ọkọ mi náà kú láìmọ̀ ọ́n. Èmi Ngát, àgbà ìyàwó ilé yìí, mi ò ní gbé e wọ sàréè. Èmi ni mo ba àwọ̀ ewé Thoa jẹ́.

Ẹ mọ omi funfun tí a fi ń bo àwo wa kó tó wọ iná, kó lè dán: eérú èèpo ìrẹsì, amọ̀ funfun àti ẹfun. Kì í já ni kulẹ̀. Ọwọ́ àgbà ìyàwó ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n Thoa, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, kò lè rí omi náà kó má fi nǹkan sí i. Lónìí á lọ irin tó dógùn-ún, lọ́la á wọn ìyẹ̀fun bàbà. Àpáàdì wẹ́wẹ́ tó fi ń dán àwọ̀ wò kún ojú fèrèsé. Ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ngát, ìwọ ń tọ́jú omi yìí, Thoa ń jẹ́ kó bímọ." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn.

Nígbà tí tẹ́ḿpìlì ní ká ṣe àwo tùràrí aláwọ̀ ewé fún àwọn, ìyá ní bí ti Thoa bá yọrí, òun ni yóò gba ìtọ́jú omi. Thoa wọn bàbà tó ń mú àwọ̀ ewé jáde, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iná mọ́ o. Bàbà ò fẹ́ èéfín." Ẹ wò mí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fi pa á lára. Bó ṣe lọ sá aṣọ, mo ki igi tútù bọ iná, mo sì dí ojú èéfín. Nígbà tí a kó àwo jáde, gbogbo rẹ̀ pọ́n dúdú bí ẹ̀dọ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Thoa ń sunkún: "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà rí mi!" Mo rí i. Síbẹ̀, níwájú gbogbo ilé, mo la ẹnu burúkú yìí: "Ìyá, ọwọ́ ẹ̀ ló burú. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan omi wa mọ́." Láti ìgbà náà, amọ̀ nìkan ló ń pò. Ìyá kú tán, Thoa kò padà sídìí àwọ̀. Bí a bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ọwọ́ mi ò dáa." Mò ń gbọ́ ọ, mo sì ń jẹun. Ìkà ni mí.

Ní òwúrọ̀ yìí, nídìí ọbẹ̀ ọ̀mùnú oparun, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ dìde, jàre. Ojú gbogbo ilé lẹ ti dójú tì mí, ojú gbogbo ilé ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ ro ọbẹ̀, ó fẹ́ jóná." Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù amọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń jowú ẹni tó mọṣẹ́ jù yín lọ, ẹ bú u, ẹ bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Thoa, dìde kí wọ́n rí ẹ. Dárí jì mí. Ọwọ́ ẹ ò burú. Kò burú rí.