Ẹ Gbọ́ Bí Irin Ṣe Ń Dún

[Dassa-Zoumè, oṣù Kejì ọdún 1967. Euphrasie wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń pe Théodore, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kútọnu. Désiré, akọ̀wé ibẹ̀, ló bá a pe nọ́ńbà.]

EUPHRASIE: Allô? Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ara ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

THÉODORE: A dúpẹ́. Kí ló dé tí o fi pè mí ní bùrò níbi iṣẹ́? Ta ni ara rẹ̀ kò yá?

EUPHRASIE: Ara gbogbo wa le. Ọyẹ́ ń mú, nǹkan ń yára gbẹ. Ó dára fún ọ̀dà kíkùn.

THÉODORE: Ọ̀dà wo? Ṣé o gbọ́ mi? Ọ̀dà wo?

EUPHRASIE: Ti mọ́tò bàbá.

THÉODORE: Cosme alágbẹ̀dẹ kò tíì dé láti Gbaffo ni?

EUPHRASIE: Ó ti dé. Ó gbé òòlù dání, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò náà níta yìí.

THÉODORE: Níta ibo? Inú abà lẹ́yìn ilé ni mọ́tò—

EUPHRASIE: Níta ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi ni mo wà á débí.

[wáyà ń hó]

THÉODORE: O wa kí ni?

EUPHRASIE: Ẹ ní kí Cosme gé e, kó fi rọ ọkọ́. Ẹ ní ìpáàrà ti jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí a sin bàbá lẹ rí i kẹ́yìn, inú òjò sì ni.

THÉODORE: Mo ti fún un, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi ni àkọ́bí. Ṣé o gbọ́ mi?

EUPHRASIE: Mo gbọ́ yín. Ìpáàrà ojú irin yàtọ̀ sí èyí tó ti wọnú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo fi omi eérú ṣan ọsàn náà kúrò kó má baà tún jẹ irin. Nígbà tí oòrùn gbẹ ẹ́, mo kun minium sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá jẹ́ kí irin sùn níhòòhò mọ́jú—

THÉODORE: Kí ló ń jẹ́ minium?

EUPHRASIE: Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun afárá rélùwéè. Zéphirin òṣìṣẹ́ rélùwéè ló bu ìyókù agolo rẹ̀ fún mi.

THÉODORE: Obìnrin kì í—

EUPHRASIE: Ta ló ń mú sípánà fún bàbá nígbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní séminaire? Ṣé ẹ gbọ́ mi?



THÉODORE: Kùn ún ní pupa, kùn ún ní funfun. Òkú irin ni.

EUPHRASIE: Bon. Báwo ni Ìyá ṣe máa ń ra ìkòkò?

THÉODORE: Kí ló kan ìkòkò nínú—

EUPHRASIE: Ó máa ń fi ìka kàn án, kó gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí tó bá sán kò lè purọ́. Désiré, na fóònù sójú fèrèsé, kí n lọ gba òòlù Cosme. Ẹ̀gbọ́n, ìbòrí táyà iwájú rèé.

[kan-in! kan-in!]

EUPHRASIE [láti òkèèrè]: Ilẹ̀kùn tí ẹ forí gbá lọ́jọ́ tí bàbá kọ́kọ́ gbé mọ́tò délé rèé.

[kan-in!]

EUPHRASIE: Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

[pọ̀!]

THÉODORE: Èyí ti kú! Mo gbọ́ ọ!

EUPHRASIE [nídìí fóònù]: Ibẹ̀ ti jẹrà lóòótọ́. Mo gé e, mo fi páànù agolo epo dí i. N kò fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó bá wọ mọ́tò á rí i. Àbùlẹ̀ lẹ gbọ́ yẹn, kì í ṣe òkú.

THÉODORE: Kí ni kí n wá sọ fún Cosme?

EUPHRASIE: Òun rèé. Ọjà Aklampa bọ́ sí òní, èrò ń dúró dè mí.

THÉODORE: Euphrasie, dúró—

COSME: Allô, ọ̀gá Théodore. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mo ti ń lu irin kí wọ́n tó bí yín, èyí kò tíì ṣe é fi rọ ọkọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo ń wò. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[wáyà ń hó]

THÉODORE: Ẹ padà sí Gbaffo, ẹ má bínú. Ẹ pe Euphrasie fún mi, kí n sọ fún un pé mo gbà—

COSME: Kò sí níbí mọ́. Ó ní òun kò ní dúró de èsì.

[ẹ́ńjìnnì ń kù, fèrè mọ́tò dún lẹ́ẹ̀mejì]

THÉODORE: Fèrè bàbá nìyẹn. Cosme, ṣé fèrè bàbá ni mo—

[wáyà já]