Àṣírí Mọ́mì Tọ́pẹ́ Tí Mo Kà Sétí Kíláàsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mi ò pè yín pé kí ẹ wá bá mi yọ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti gba dípúlómà nínú iṣẹ́ wẹ́fíà, iṣẹ́ àwọn tó máa ń bá ìdílé tó wà nínú wàhálà wá ojútùú. Ọdún méjì ni mo fi kà á, mo sì yege dáadáa. Àmọ́ bí àwọn èèyàn bá kí mi kú oríire, ńṣe ni mo máa ń wolẹ̀, nítorí pé ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ láti kàwé náà ni mo fi ìwé náà bà láyé jẹ́.

Festac là ń gbé, nínú yàrá méjì lẹ́yìn ilé ńlá kan, èmi, ọkọ mi àti Sìmí, ọmọ wa obìnrin. Ọkọ mi ń fi táńkà gbé epo láti Satellite Town lọ sí òkè Ọya, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó délé. Èmi ń ran àwọn tíṣà lọ́wọ́ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan. Ilé tó kángun sí tiwa ni Mọ́mì Tọ́pẹ́ àti ọkọ wọn wà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, díákónì ni nínú ìjọ wọn, gbogbo àdúgbò ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè òkun.

Mọ́mì gan-an ni wọ́n ní kí n lọ kàwé. Wọ́n ní, "Ìyá Sìmí, orí rẹ pé. Má jókòó síbẹ̀ kí o máa nu imú ọmọ ọlọ́mọ títí ayé." Nígbà tí mo ní mi ò rí ẹni tí yóò máa bá mi mójú tó ọmọ láwọn Sátidé tí mo bá lọ sí kíláàsì lẹ́bàá Apple Junction, wọ́n ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti kú ni?" Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ tí wọ́n fi tọ́jú Sìmí fún mi láìgba nǹkan kan. Kí n tó dé, ọmọ á ti jẹun yó, wọ́n á ti bá mi di irun rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí, ilé ìwé pín ìdílé kan tó wà nínú ìṣòro fún oníkálukú wa. Wọ́n ní ká máa bẹ̀ wọ́n wò fún oṣù méjì, ká wá kọ kéèsì wọn sílẹ̀. Olùkọ́ wa kìlọ̀ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, ká sì yí gbogbo ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ padà. Mo lọ sọ́dọ̀ ìdílé tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lọ mọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la, títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ méjì tí a máa fi ìwé sílẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo lọ mú Sìmí. Ọwọ́ òsì ni Mọ́mì fi ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún wọn wú. Wọ́n ní àwọn ṣubú ni. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lè sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọkọ àwọn ni. Ẹja àrọ̀ tó ń sìn lẹ́yìn ilé ló kú, ó ní ìyàwó òun ló gbàgbé láti pààrọ̀ omi, ó sì fi igi lù wọ́n. Wọ́n ní láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń lu àwọn, àwọn ọmọ pàápàá ò sì mọ̀. "Ìyá Sìmí, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Má jẹ̀ẹ́ kó dé ibòmíràn." Mo fi ọmọ mi búra.

Ọjọ́ kẹta ni mo jókòó kọ ọ́. Kí ló sún mi dé ibẹ̀? Mi ò ní purọ́ mọ́ èṣù. Ọ̀lẹ ni, ìgbéraga sì wà níbẹ̀. Mo pe orúkọ wọn ní Ìyáàfin A, mo rò pé ó ti tán. Bẹ́ẹ̀, díákónì wà nínú rẹ̀, ọmọ mẹ́ta lókè òkun wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí Mọ́mì fọwọ́ sí, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Olùkọ́ wa yìn ín débi pé ó ní kí n dìde kà á sétí gbogbo kíláàsì. Mo dìde. Mo kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn, mò ń dánu dúró níbi tí mo fẹ́ kí àánú ti ṣe wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì wa. Mi ò mọ̀ pé ìjọ kan náà ni òun àti Mọ́mì ń lọ, tó sì máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Kò gbèrò ibi, àánú ló ṣe é. Ó lọ sọ fún ìyàwó pásítọ̀, ìyẹn sọ fún ọkọ rẹ̀, pásítọ̀ sì pe díákónì, ó bá a wí. Bàbá náà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti ronú pìwà dà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó kan ilẹ̀kùn mi. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Ìyá Sìmí, o ṣeun. Mo gbọ́ pé ìwé tí ò ń kà ń lọ dáadáa. Ọmọ rẹ kò ní máa wá sílé wa mọ́." Láti ọjọ́ yẹn ni géètì wọn ti di títì pa. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Mi ò rí Mọ́mì mọ́ àfi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn kì í sì í wo ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ fẹjọ́ sùn lọ́fíìsì wẹ́fíà. Wọ́n ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà. Òṣìṣẹ́ obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí bàbá jáde, kí ìyá lè rí àyè sọ̀rọ̀. Ó wá bi Mọ́mì pé, "Mà, ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá ń lù yín?" Mọ́mì fa apá aṣọ wọn wálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ mi ò fọwọ́ kàn mí rí. Ọmọ yìí ló ń wá ìtàn tó máa fi gba máàkì." Ìdajì ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n rọra sọ ọ́ tí òṣìṣẹ́ náà ò fi gbọ́: "Ilé rẹ nìkan ni mo ní tí mo lè sá sí."

Kò pé oṣù kan tí bàbá náà fi ilé háyà fún ẹlòmíràn, ó sì kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí abúlé kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ládùúgbò. Mo wá Tọ́pẹ́, ọmọ wọn àgbà, kàn lórí Fésíbúùkù, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ó dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdílé wa sílẹ̀. Mọ́mì fúnra wọn ló sọ fún mi pé irọ́ lẹ pa mọ́ àwọn." Látìgbà yẹn ló ti dínà mi lórí Fésíbúùkù, kò sí bí mo ṣe lè kọ̀wé sí i mọ́. Mi ò sì tíì jẹ́wọ́ fún olùkọ́ mi títí dòní pé èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ báyìí níbì kan tí àwọn obìnrin ti ń wá fẹjọ́ sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan jókòó níwájú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?" Mo ní kó lọ bá ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ mi ní kí n gbàgbé, pé Ọlọ́run ń dárí jini. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu gan-an ò rí i gbàgbé, báwo ni ti ẹni tó ń kó o lọ́wọ́ báyìí ṣe máa rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n máa wá Mọ́mì kiri láti abúlé dé abúlé? Bí mo bá rí ilé náà, bàbá yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi, èmi á sì padà sí Èkó, á wá ṣẹ́ ku àwọn méjèèjì nìkan. Bí mo bá sì jókòó síhìn-ín, kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ṣì gbà pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Èyíkéyìí tí mo bá ṣe, ara Mọ́mì ni ìyà rẹ̀ máa balẹ̀ sí.