Ìyẹ́ Apá Òsì, Ìyẹ́ Apá Ọ̀tún

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà torí pé àga ò tó, ẹ kú ọ̀fọ̀. Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdánù ọkọ, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ẹnu-ò-sinmi. Bàbá tá a wá dágbére fún yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n fi mí sí kí n wá kọ́ṣẹ́. Mi ò kàwé lọ títí, ìwé kẹrin ni mo bá wọn dé, ìwé karùn-ún ò rí mi sójú. Ṣùgbọ́n tó bá di ká tajà, ẹ pè mí! Mo lè ta bàtà fún ejò, kó tún béèrè ìbọ̀sẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Bàbá náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá Oníìyẹ́ lẹ ń pè wọ́n. Ọfà àkàtàǹpó, ọrun onígi tí wọ́n ń yìn bí ìbọn, ni wọ́n ń ṣe, nínú ilé, lórí tábìlì tí Màmá fi ń gé àlùbọ́sà. Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ kékeré, gọ́ọ̀mù, òwú, ó parí. Agolo méjì ló máa ń wà níwájú wọn. Ìyẹ́ apá òsì tòlótòló wà nínú ọ̀kan, ìyẹ́ apá ọ̀tún wà nínú èkejì. Ìyẹ́ mẹ́ta ló ń wọ ìdí ọfà kan. Tòsì máa ń tẹ̀ síbì kan, tọ̀tún a tẹ̀ síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ sára ọfà kan, á máa mì bí ọ̀mùtí, kò ní débi tẹ́ ẹ rán an.

Mo ní, "Bàbá, ta ló máa mọ̀?"

"Ọfà á mọ̀."

"Ọfà ò lẹ́nu."

"Ìwọ lo lẹ́nu. Òun ló ń bà mí lẹ́rù."

Olórí kunkun ni wọ́n! Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ níwájú òkú. Tí ìyẹ́ bá fi ìwọ̀n irun kan ṣoṣo wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tú u. Oúnjẹ àárọ̀ á wà níwájú wọn títí ọ̀sán. Màmá á ní, "Bàbá, ṣé ìyẹ́ lẹ fẹ́ jẹ ni?" Wọ́n á ní, "Tó bá tọ́, màá jẹ ẹ́." Tó bá wá tọ́, wọ́n á fín ìlà kúkúrú méjì sára igi ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìlà méjì yẹn, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ báyìí.

Ìdíje ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi àkàtàǹpó tafà ku ọjọ́ mẹ́rin. Alága wọn wà níbí, mo rí yín, sà. Ẹ fẹ́ ogójì ọfà. Bàbá ní ọjọ́ ò tó, àwọn ò ní gbaṣẹ́ náà. Èmi ni mo sáré tẹ̀ lé yín síta, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà, mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ti gbà." Irọ́ ni, sà. Bàbá rìnrìn àjò ọjọ́ méjì lọ kí màmá mi, èmi bọ́ sórí àga wọn. Mo da agolo méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì kó lè yá. Èyí tọ́wọ́ mi bá bà, mo lẹ̀ ẹ́. Ogójì ọfà lọ́jọ́ méjì! Mò ń súfèé! Mo sì fín ìlà méjì sí gbogbo wọn, mo gbé wọn wá fún yín kí Bàbá tó dé, sà.

Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọfà ń lọ sórí òrùlé, ọfà ń lọ sínú ọgbà ẹlòmíì, ọ̀kan bẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ alága. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ kó ọfà náà wá, wọ́n dà á sórí tábìlì. Ẹnìkan ní, mi ò ní tọ́ka sí i, "Bàbá, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ lọ sinmi."

Bàbá mú ọ̀kan, wọ́n yí i, wọ́n wo ìyẹ́ ẹ̀. Wọ́n wá wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní, "Ìlà mi ló wà lára ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ má bínú, màá tún un ṣe."

Èmi Ẹnu-ò-sinmi, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ láyé mi, mo dákẹ́.

Nígbà tí ilé dá, wọ́n ní, "Tí mo bá ní ìwọ ni, ta ló tún máa rajà lọ́wọ́ ẹ? Èmi ti dàgbà." Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìyẹ́ kúrò lára ọfà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la, lọ́la ni màá lọ bá alága. Láàárọ̀ ìjẹta, Màmá bá wọn lórí àga. Ọfà kejìdínlógójì wà lọ́wọ́ wọn, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ.

Alága, ojú wọn ò ṣe bàìbàì. Ṣé ẹ gbọ́? Ojú wọn mọ́ kedere. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Èmi ni. Ẹ sọ ọ́ ní pápá, ẹ sọ ọ́ ládùúgbò, ẹ sọ fún àwọn tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi bá a, àmọ́ ó fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Èmi tí mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ra gbogbo nǹkan, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ra oògùn àbámọ̀.

Màmá, ẹ má dá mi lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ní kí n jáde nílé yìí, màá jáde.

Bàbá, orúkọ yín rèé, mo ti dá a padà lójú gbogbo ayé. Ẹ gbé e dání, ẹ máa lọ. Kí ọ̀nà là fún yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ. Ẹ má wẹ̀yìn o. Èmi ló kù lẹ́yìn.