Èmi Ni Mo Fọ́n Oògùn sí Koríko Bàbá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, àmọ́ ohun tí ojú mi rí ní Dópẹ̀mú lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Àgbò ni mo ń sìn ní Ifákò. Pápá koríko kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa, ibẹ̀ ni mo ti ń gé oúnjẹ wọn. Bàbá Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gba èmi láyè, wọ́n sì gba Garba, Fúlàní kan tó ní màlúù díẹ̀, láyè kó máa da wọ́n jẹko níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá fi kòkòrò tín-ín-tín kan hàn mí lára koríko, ó ń sáré kiri. Wọ́n ní ìyẹn ló ń jẹ àwọn kòkòrò mìíràn tó ń fa omi koríko mu, kí n má pa á. Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbà wọ́n gbọ́. Lójú tèmi, ọmọ eégbọn ni, òun ló ń jẹ́ kí ara máa yún àwọn àgbò mi.

Nígbà tí Bàbá lọ sìnkú ní Èkìtì, mo ra ọ̀tápíápíá, mo fọ́n ọn ká gbogbo pápá. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi. Kò pẹ́ tí koríko fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tí nǹkan bí òwú aláǹtakùn bò ó. Àwọn kòkòrò tó ń mu omi rẹ̀ kò kú tán. Àwọn tó ń jẹ wọ́n ni mo pa run.

Bàbá dé, wọ́n sunkún. Wọ́n bi mí pé ta ló débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí.

"Màlúù Garba nìkan ni mo rí o, Bàbá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kó wá."

Ọjọ́ náà ni wọ́n lé Garba. Ó kàn wò mí, ó da màlúù rẹ̀ síwájú, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a ní Dópẹ̀mú, ó ń fi bárò kó ẹrù oníẹrù. Ó ní òun ti ta àwọn màlúù náà, torí òun kò ríbi tí wọ́n á ti jẹko. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá alágbò, koríko Bàbá ti hù padà?"

Mo ní mi ò dé ibẹ̀ mọ́. Àràárọ̀ ni mò ń gé e.

Bàbá ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé èmi ni kí wọ́n fi pápá náà lé lọ́wọ́, pé èmi nìkan ni àwọn fọkàn tán. Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé èmi náà. Ó tọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún, Bàbá ni àbí Garba?